Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Ìdí Ife: Bí A Ṣe Ń Tún Omi Mímu Ṣe Nínú Ilé Elérò Púpọ̀ Ní Èkó

Ìdí kànga ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Wọ́n á yọjú wo inú rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á mi orí, wọ́n á wá lọ máa yàwòrán asẹ́ ńlá kan tí owó rẹ̀ tó owó ilé ọdún kan. Èmi kì í kọ́kọ́ débẹ̀. Omi mímu ni mo máa ń tọrọ. Mo á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òùngbẹ ń gbẹ mí," lẹ́yìn náà ni mo á máa fojú tẹ̀lé omi yẹn: inú kí ni wọ́n ti bù ú, kí ni wọ́n fi bù ú, ọwọ́ ta ló wọ inú rẹ̀, ibo ni ife wà kí n tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ládùúgbò yín, ọ̀nà tí mò ń là sílẹ̀ níbí nìyẹn. Ìdí ife ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó wá máa rìn padà lọ sí ìdí kànga.

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin. Yunifásítì Èkó tó wà ní Àkọkà ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ omi àti ìdọ̀tí ni mo sì yàn láàyò níbẹ̀. Bàrígà ni mò ń gbé, lápá ibi tí ilẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀sà. "Ọmọ Àgànyìn" ni wọ́n ń pè mí nílé wa, nítorí ohùn Kétu tó wà lẹ́nu mi, mi ò sì bá wọn jà sí i. Orúkọ yẹn ti ṣí ilẹ̀kùn tí káàdì ilé ẹ̀kọ́ kò lè ṣí. Àjèjì lè béèrè ohun tí ọmọ onílẹ̀ kò gbọdọ̀ béèrè. Ta ló ń fọ táǹkì? Ìgbà wo ni wọ́n kó sọkawé kẹ́yìn? Bí ọmọ àdúgbò bá béèrè rẹ̀, wọ́n á ní ó ń rí wọn fín. Bí èmi bá béèrè, ẹnìkan á ní, "Ẹ dá a lóhùn jàre, Kútọnu ló ti wá, kò mọ̀." Bí ẹ bá jẹ́ àjèjì níbi tí ẹ ń gbé, ẹ má fi pamọ́. Irinṣẹ́ ni.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Ẹ wá onílé. Bí kò bá gbé ibẹ̀, ẹ wá kiatékà rẹ̀, ẹni tó ń bá a gba owó ilé. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ kí ọmọ kí àgbà, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ kò ní ṣe: pé ẹ kò ní da ohunkóhun sínú kànga láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, àti pé ẹ kò ní gbé orúkọ ilé náà lọ síbì kankan. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ló máa ń jẹ́ kí ara wọn balẹ̀. Onílé tó bá gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ yẹ omi òun wò, ohun tó ń rò ni pé wọ́n ń bọ̀ wá ti ilé òun pa, tàbí pé àwọn ayálégbé ti rí ohun tí wọn yóò fi bá òun fa owó ilé.

Lẹ́yìn onílé, ẹ wá ẹni tó ni àṣẹ omi gan-an. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gba àárín rẹ̀ kọjá, obìnrin kan máa ń wà tí gbogbo ilé ń wo ojú rẹ̀. Nílé wa, àǹtí tó ń ta ẹ̀wà níwájú géètì ni, nítorí kò sí ẹni tó ń lo omi tó o. Onílé fọwọ́ sí i pé kí n ṣiṣẹ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbé kẹ̀gì kan sílẹ̀ fún mi. Ọjọ́ tí Àǹtí ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo tòun ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí.

Ẹ má fi èdè ìwé bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ bi í léèrè omi tó fi ń sè, omi tó fi ń fọ abọ́, omi tó ń mu. Ẹ ó rí i pé ilé kan lè ní omi mẹ́rin: ti kànga fún aṣọ àti ìwẹ̀, ti bọ́ọ̀hòlù aládùúgbò fún oúnjẹ, ti mẹ́rúwà ní ọjọ́ tí kò bá sí iná láti fi fa omi, àti píọ̀ wọ́tà fún mímu. Ẹ wá béèrè èyí tí àwọn ọmọdé ń mu. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bàbá lè máa já píọ̀ wọ́tà mu lójoojúmọ́, kó sì ti wo nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára rẹ̀ dáadáa, kí ọmọ rẹ̀ tó ń rìn tẹ̀tẹ̀ máa fi ife bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi ọmọ yẹn ni kí ẹ bá wí.

Ìgò mẹ́rin

Àwọn ènìyàn kò ní gbà yín gbọ́ pé omi tó mọ́ lójú kò mọ́ nínú, wọn ò sì jẹ̀bi. Ẹ fi hàn wọ́n. Àyẹ̀wò kan wà tí Manja àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Íńdíà ní 1982, tí a ń pè ní àyẹ̀wò H2S, ìyẹn orúkọ afẹ́fẹ́ tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ìgò kékeré ni, èyí tó gba omi mílílítà 20, pẹ̀lú bébà kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti rì sínú àwọn èròjà kan, tí wọ́n sì ti pa kòkòrò ara rẹ̀. Ẹ bu omi sí i, ẹ dé e, ẹ gbé e sílẹ̀. Bí àwọn kòkòrò tó ń wá láti inú ìgbẹ́ bá wà níbẹ̀, omi á dúdú láàárín wákàtí 24 sí 48. Ní àwọn ìlú tó tutù, wọ́n ní láti fi ẹ̀rọ mú un gbóná. Ooru Èkó ti tó. Ẹ gbé e sórí àpótí nínú yàrá, ẹ má gbé e sínú oòrùn. Ẹni tó ń tọ́jú láàbù ní ẹ̀ka yín lè bá yín ṣe àwọn ìgò náà. Ẹ má ṣe wọ́n ní ilé ìdáná.

Ìgò mẹ́rin ni kí ẹ lò nínú ilé kan: èkíní fún ibi tí omi ti ń jáde, ìyẹn kànga tàbí ẹnu táápù, èkejì fún kẹ̀gì tí wọ́n fi gbé e, ẹ̀kẹta fún dúrọ́ọ̀mù, ẹ̀kẹrin fún ife. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ má fi ìka kan ẹnu ìgò tàbí inú ìdérí. Bí ó bá jẹ́ táápù, ẹ jẹ́ kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó gbà á. Ṣùgbọ́n ife ní tirẹ̀, ẹ bù ú bí wọ́n ṣe ń bù ú gan-an, ẹ má sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣan án. Ẹ kọ ibi tí omi kọ̀ọ̀kan ti wá sára ìgò rẹ̀, kí ẹ sì tò wọ́n sí ojú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí gbogbo ilé yóò ti máa kọjá.

Ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti ṣe èyí, ìgò bọ́ọ̀hòlù á wà bó ṣe wà, ti dúrọ́ọ̀mù àti ti ife á sì dúdú bí omi ẹ̀lú. Kì í ṣe àwárí tèmi. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ omi káàkiri ayé ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé omi máa ń bàjẹ́ láàárín ìdí kànga àti ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọmọ bá fojú ara rẹ̀ rí i pé omi tí òun sanwó rẹ̀ wọlé ní mímọ́, tó sì dúdú nínú dúrọ́ọ̀mù òun, ẹ ò ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́.

Ẹ mọ ibi tí àyẹ̀wò yìí mọ. Bí omi bá ti ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ láti inú ilẹ̀, bí bọ́ọ̀hòlù Èkó mìíràn ṣe ń ṣe, ìgò lè dúdú láìsí ìgbẹ́ kankan nínú rẹ̀. Irú èyí, ẹ gbé e lọ sí láàbù. Kò sì lè sọ fún yín bóyá òjé wà nínú omi, tàbí ohun tí ajílẹ̀ dà sí i. Ìlànà WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àti ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní NIS 554 fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ sí E. coli, kòkòrò inú ìgbẹ́, kan ṣoṣo nínú mílílítà 100 omi mímu. Láàbù nìkan ló lè ka ìyẹn.

Ohun tí imú àti ahọ́n mọ̀

Bí omi bá mọ́ nígbà tí ẹ fà á, tó wá di pupa bí ilẹ̀ bá mọ́, irin ló wà nínú rẹ̀. Bàrígà, Ṣómólú, Mushin, ẹ ó rí i níbi gbogbo. Aṣọ ilé ìwé funfun á di pupa rúsúrúsú, ẹ̀bá á yí àwọ̀. Ẹ rẹ tíì Lipton sínú ife kan: bí irin bá pọ̀, tíì náà á ṣú dùdù. Irin fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ara ní ibi ní ìwọ̀n tí a sábà máa ń rí (0.3 mílígíráámù nínú lítà kan ni NIS 554 fi ààlà sí), ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ kiloríìnì, èròjà apakòkòrò inú bílíìṣì, tán kí kiloríìnì tó ráyè pa kòkòrò. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lé e jáde. Ẹ máa dà á láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì láti òkè, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀, ẹ ṣe é títí ọwọ́ yóò fi dùn yín díẹ̀, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Irin á rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ rọra da ti òkè jáde gba orí aṣọ funfun tí ẹ ká ní ìlọ́po mẹ́rin.

Bí omi bá ní iyọ̀, bí ti ọ̀pọ̀ ibi ní Erékùṣù Èkó àti lójú ọ̀nà Lẹ́kì, ẹ má fi owó ẹnikẹ́ni ṣòfò. Bílíìṣì kò lè yọ iyọ̀. Sísè kò lè yọ ọ́, ńṣe ló ń sọ ọ́ di púpọ̀. Asẹ́ oníyanrìn kò lè yọ ọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní RO, tó ń fi ipá ti omi gba inú awọ tín-ínrín tí iyọ̀ kò lè gbà kọjá, ló lè ṣe é, ìyẹn sì ju agbára ilé kan lọ. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa ra omi mímu, kí ẹ sì bá wọn tọ́jú èyí tí wọ́n bá rà. Bí omi bá ń rùn bí pẹtiróòlù, tí ilé epo sì wà nítòsí, kò sí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe sí i. Kí wọ́n má mu ún, kí wọ́n má sè é, kí onílé sì lọ fi tó ìjọba létí.

Kẹ̀gì, dúrọ́ọ̀mù, táápù

Bí owó tí ẹ ní bá kéré, ibí ni kí ẹ ná gbogbo rẹ̀ sí. Dúrọ́ọ̀mù tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò ni ọ̀tá yín. Gbogbo ife tó bá wọ inú rẹ̀ ló ń gbé ọwọ́ ẹni tó mú un wọlé. Ní Kétu, àmù ni ìyá àgbà mi ń lò, ahá tó ní ọrùn gígùn ló sì fi ń bu omi níbẹ̀, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló ń mu nínú àmù rẹ̀? Ní Èkó, ilé kan lè ní ogójì ènìyàn. Òfin kò tó, àfi kí ọwọ́ má lè wọ ibẹ̀ rárá.

Ẹ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá onídèérí, irú èyí tí wọ́n fi ń ta ọ̀dà, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ tuntun tàbí èyí tó ti gba oúnjẹ rí. Ẹ má gba ti ọ̀dà gan-an, bó ti wù kí wọ́n ní àwọn fọ̀ ọ́ tó. Ẹ ra táápù oníke kan pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti rọ́bà wáṣà méjì. Kí plọ́mbà lu ihò sí ara bọ́kẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bí ìka mẹ́ta sókè ìsàlẹ̀, kí ìdọ̀tí tó bá rọ̀ má baà bá omi jáde. Wáṣà kan wà nínú, ọ̀kan wà níta, kí ẹ wá fún nọ́ọ̀tì náà pọ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fún un. Ìrẹ́ǹṣì máa ń là á. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sórí àpótí tó ga débi tí ife yóò gba abẹ́ táápù, ṣùgbọ́n tí ọmọdé yóò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọmọ kò bá lè dé ibẹ̀, dúrọ́ọ̀mù ni yóò padà sí.

Kẹ̀gì náà nílò ìtọ́jú. Ẹ yẹ inú rẹ̀ wò pẹ̀lú iná fóònù: bí ara rẹ̀ bá ń yọ̀ tó sì ní àwọ̀ ewéko, ẹ da ìyanrìn díẹ̀, omi àti ọṣẹ sí i, ẹ mì í dáadáa, ẹ ṣan án, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi omi oníbílíìṣì ṣan án. Kẹ̀gì tó gba kẹ́míkà rí, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ wo ìdérí: bí kò bá sí, tí wọ́n ń fi ọ̀rá dí i, ẹ ra ìdérí kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn.

Bílíìṣì

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù, nítorí náà ẹ ṣe é pẹ̀lú ìwọ̀n. Bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn, tí kò ní àwọ̀, tí kò nípọn ni kí ẹ rà. Ẹ ka ara ìgò: púpọ̀ nínú àwọn tó wà ní ọjà wa jẹ́ sódíọ̀mù haipokiloráìtì 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, nítorí agbára rẹ̀ máa ń dínkù bí oṣù ti ń gorí oṣù, àgàgà èyí tí aláṣọ̀ọ́bù ti tò sínú oòrùn.

Fún kẹ̀gì lítà 25 tí omi rẹ̀ mọ́ lójú, mílílítà 1.5 ni kí ẹ fi sí i. Bí omi bá dàrú díẹ̀, ẹ sọ ọ́ di mílílítà 3. Bí ó bá dàrú púpọ̀, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ìdọ̀tí rẹ̀ rọ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sẹ́ ẹ. Sírińjì kékeré tí kò ní abẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ìdérí ìgò kò ṣe é fi wọn nǹkan, nítorí ó yàtọ̀ láti ìgò dé ìgò. Ẹ mì kẹ̀gì, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀: ó yẹ kí òórùn kiloríìnì fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀. Bí kò bá sí rárá, ẹ tún fi ìwọ̀n kan náà sí i, kí ẹ dúró díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá rí bébà àyẹ̀wò kiloríìnì gbà ní láàbù, mílígíráámù 0.2 sí 0.5 nínú lítà kan ni ẹ ń wá ní ìgbà tí wọ́n bá ń mu ún.

Wọn á ní ó ń rùn bí omi fífọ aṣọ. Ẹ má jiyàn. Ẹ ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí kan, tàbí kí ẹ rọ́ ọ láti ife sí ife, òórùn náà á lọ sílẹ̀. Àǹtí ẹlẹ́wà ló kọ́ mi pé bí a bá fi sí i lálẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n láàárọ̀. Mo ti ń kọ́ àwọn ilé yòókù bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, mi ò sì rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n wa kankan mọ èyí.

Ẹ kìlọ̀ nípa nǹkan méjì: kí wọ́n má pa bílíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn ìfọṣalańgá kankan, nítorí èéfín tó ń jáde níbẹ̀ lè pani, kí wọ́n sì má gbé e sínú ìgò tí ọmọdé mọ̀ mọ́ mínírà tàbí omi.

Ní Mákòkó, níbi tí àwọn Ẹ̀gùn ń gbé lórí ọ̀sà, tí àwọn kan nínú wọn sì wá láti orílẹ̀-èdè mi, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé omi mímu káàkiri láti ìdí bọ́ọ̀hòlù. Kò sí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé asẹ́ lé. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ omi ni kí ẹ bá dọ́rẹ̀ẹ́. Bí ó bá fi bílíìṣì sí i nígbà tó ń rọ omi kún, ìrìn ọkọ̀ nìkan ti ń ṣe iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà, gbogbo oníbàárà rẹ̀ á sì gba omi tó ti jinná. Àwọn ìwọ̀n yẹn, ẹ bá a ṣírò wọn fún dúrọ́ọ̀mù tirẹ̀, ẹ má fi ti kẹ̀gì ṣe é.

Nígbà tó bá wá kan kànga

Ẹ wọn bí kànga ṣe jìnnà sí ṣalańgá tàbí sọkawé. Ọgbọ̀n mítà ni a máa ń fẹ́. Ẹ ó rẹ́rìn-ín. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Bàrígà, ilẹ̀ náà lápapọ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí ẹ má gbé gbogbo ìrètí lé kànga. Ṣùgbọ́n ẹ lè dín ewu rẹ̀ kù: kí ẹnu kànga ga kúrò nílẹ̀, kí ó ní ìdérí, kí sìmẹ́ńtì yí i ká pẹ̀lú ọ̀nà tí omi ìdọ̀tí yóò fi ṣàn lọ, kí okùn àti ike ìfami má máa sùn sórí ilẹ̀. Ẹ lu ìṣó kan mọ́ ògiri fún wọn.

Láti fọ kànga pẹ̀lú kiloríìnì, ẹ wọn ìbú rẹ̀ àti bí omi inú rẹ̀ ṣe jìn tó, pẹ̀lú òkúta lórí okùn. Ká ní ìbú òrùka rẹ̀ jẹ́ mítà 0.9, tí omi sì jìn ní mítà 2: 0.45 (ìdajì ìbú náà) lọ́nà 0.45 lọ́nà 3.14 lọ́nà 2, ẹ ó rí mítà kúbíìkì 1.27, ìyẹn nǹkan bí lítà 1,270. Mílígíráámù 50 fún lítà kọ̀ọ̀kan á mú nǹkan bí gíráámù 64 kiloríìnì wá. Bí ẹ bá ń lo kiloríìnì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní HTH, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 65 nínú ọgọ́rùn-ún, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà kẹ́míkà Ọjọ́ta, nǹkan bí gíráámù 100 ni. Bí ó bá jẹ́ bílíìṣì 3.5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà méjì. Inú omi ni kí ẹ da ìyẹ̀fun sí, ẹ má da omi lé ìyẹ̀fun. Ẹ ṣe é lálẹ́, ẹ ti ẹnu kànga pa, ẹ sọ fún gbogbo yàrá, títí kan ẹni tó máa ń dé láti ibi iṣẹ́ lóru. Lẹ́yìn wákàtí méjìlá, ẹ fa omi náà dànù títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ sílẹ̀, ẹ má sì dà á síbi tí ẹja wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga fún ìdí kankan. Afẹ́fẹ́ burúkú máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò béèrè asẹ́ oníyanrìn, èyí tí David Manz ti Yunifásítì Calgary gbé jáde ní àwọn ọdún 1990. Ó dára, ó sì rẹwà nínú fọ́tò. Ìyanrìn tí a fọ̀ tí a sì sẹ́ wà lókè òkúta wẹ́wẹ́, omi tó tó sẹ̀ǹtímítà 5 sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìyanrìn nígbà gbogbo, kí àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tó ń jẹ kòkòrò àrùn má baà kú. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí wọ́n tó gbó, ó sì fẹ́ kí a máa da omi sí i lójoojúmọ́. Ayálégbé tó lè kó jáde nígbàkígbà kò nílò irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé tàbí ilé onílé tó ń gbé ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ni mo lè gbà níyànjú.

Owó

Lítà bílíìṣì kan tó kẹ̀gì tó lé ní 600, nítorí náà owó rẹ̀ fún yàrá kan kò tó nǹkan. Síbẹ̀, ẹ má pè é ní owó omi. Ọ̀rọ̀ yẹn ti korò lẹ́nu Èkó tipẹ́tipẹ́. Ní 1908, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba owó omi ẹ̀rọ, àwọn ará ìlú jáde lòdì sí i. Wọ́n ní àwọn ní kànga tàwọn, pé àwọn òyìnbó ni yóò gbádùn ẹ̀rọ náà jù. Ọdún yẹn náà ni Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ òṣèlú People's Union sílẹ̀ láti bá wọn ta kò ó. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ kan náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún wa ni pé a fi í kún owó tí ilé ti ń dá tẹ́lẹ̀ fún kíkó ìdọ̀tí, ẹni tó ń gba ìyẹn náà ló ń ra bílíìṣì. Ìgò kékeré ni kí ó máa rà, kí ó kọ ọjọ́ tó ṣí i sí i lára.

Ní àkókò òjò

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ bílíìṣì ní ọjọ́ kan náà. Ẹ rà á sílẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí àgbàrá bá wọ kànga, omi yẹn ti di omi ṣalańgá, kò sí ohun tí imú tàbí ojú lè sọ sí i. Ẹ ti ẹnu rẹ̀ pa, kí gbogbo ilé máa lo omi mìíràn tó ti ní bílíìṣì nínú. Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ bí omi tí a fi fọ ìrẹsì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ máa fún un ní omi ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà, lójú ọ̀nà. Nígbà tí àgbàrá bá fà, ẹ fa omi kànga dànù, ẹ fọ̀ ọ́ bí mo ṣe júwe, kí ẹ fa ti kiloríìnì náà dànù títí òórùn yóò fi lọ tán, nítorí kiloríìnì tó bá ṣẹ́kù lè mú kí ìgò àyẹ̀wò purọ́. Ẹ wá tún gbé ìgò mẹ́rin yẹn sí ojú fèrèsé. Bí ti kànga bá dúdú, ẹ tún un fọ̀. Bí ó bá mọ́ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, ẹ ṣí i fún ìwẹ̀ àti aṣọ, ṣùgbọ́n kí bọ́kẹ́ẹ̀tì onítáápù máa gba bílíìṣì rẹ̀ lọ.